Bí Ìyá Bàyọ́lọ́jì Ṣe Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Ilé-ìwé girama kan wà lágbègbè Òkè-Ògùn tí mo ti fi sọ́fítíwià ìdánwò sí kọ̀ǹpútà wọn lẹ́ẹ̀mejì, tó sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, èmi kọ́ ni mo fi í sí i, èyí ló sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Irú wa tí wọ́n máa ń pè pé "ẹ bá wa wo láàbù wa" ti pọ̀ káàkiri báyìí, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan ibi tí èmi gan-an ti ṣìṣe. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Pírínsípà ló kọ́kọ́ pè mí. Ẹgbẹ́ àwọn tó ti jáde níbẹ̀ dáwó jọ, wọ́n ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ 18, wọ́n ra tábìlì, wọ́n fa wáyà, wọ́n sì gbé rúútà kan síbẹ̀ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nínú. Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n padà sí Èkó. Láàbù ti wà, ohun tí wọ́n máa fi ṣe ni kò sí.

Ohun tí Pírínsípà ń fẹ́ kò le. Láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò UTME lọ sórí kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ kan sì ń jáde nílé-ìwé náà tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ń di máòsì mú. JAMB fúnra rẹ̀ mọ̀ pé irú wọn wà, ó sì fàyè gba kí ọmọ fi bọ́tìnì 8 péré ṣe gbogbo ìdánwò: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé mo ti parí, R láti sọ pé mi ò tíì ṣe tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, bọ́tìnì 8 náà pọ̀ fún un. Pírínsípà fẹ́ kí àwọn SS3 máa ṣe ìdánwò kékeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀rọ máa bá tíṣà máàkì. Iye tí àwọn tó ń ta sọ́fítíwià CBT dá lé e ju agbára wọn lọ, ọdọọdún ni wọ́n á sì máa san án.

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo ní sọ́fítíwià wà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún gbogbo ayé, tí ẹnikẹ́ni lè gbà, kó lò ó, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn, láìsan kọ́bọ̀. Moodle ni mo ní lọ́kàn, sọ́fítíwià tí àwọn ilé-ìwé fi ń kọ́ni tí wọ́n sì fi ń ṣe ìdánwò. Martin Dougiamas ló ṣe é ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, ẹ̀dà 1.0 sì jáde ní 20 oṣù Kẹjọ 2002. Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò ó, àwọn yunifásítì nílẹ̀ wa náà ń lò ó. Èmi fúnra mi ti fi í sí oríṣiríṣi ibi. Ohun tí mi ò rò ni pé gbogbo ibi tí mo ti fi í sí rí ló ní ẹnì kan tí wọ́n ń sanwó fún láti máa tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kínní

Moodle kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó ṣí. Ó ń fẹ́ sáfà tí yóò máa dá bráúsà lóhùn, ó ń fẹ́ PHP tí yóò máa ka kóòdù rẹ̀, ó tún ń fẹ́ dátábéèsì tí yóò máa tọ́jú orúkọ àti máàkì. XAMPP di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan lórí Windows, mo sì rò pé wákàtí kan ni mo máa lò. Ọjọ́ méjì ni.

Moodle kọ́kọ́ ní òun kò rí "intl", apá kan lára PHP. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n sémíkólọ̀nù kan jókòó síwájú rẹ̀ nínú fáìlì php.ini, mo ní láti wá a kàn kí n pa á rẹ́. Ó tún ní "max_input_vars" kéré: 1000 ni PHP gbé wá, 5000 ni Moodle ń fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí n wá fódà kan fún dátà, tí kò gbọdọ̀ sí níbi tí bráúsà lè wọ̀. Ibi tí mo ti ń pa sémíkólọ̀nù rẹ́ ni obìnrin kan ti dúró sẹ́yìn mi, tíṣà àgbà kan tí àwọn ọmọ ń pè ní Ìyá Bàyọ́lọ́jì, tó ku ọdún mẹ́rin kó fẹ̀yìntì. Ó bi mí pé:

"Ẹnjiníà, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé àmì yẹn ló yẹ kí ẹ pa rẹ́?"

Mo ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, mà."

Ó ní "Hẹ̀n-ẹ́n," ó sì lọ. Ó tó ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà kí ohun tó ń bi mí tó yé mi.

Moodle ṣí. Wọ́n bu àmàlà fún mi pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, mo wọ mọ́tò padà sí Ìbàdàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kọ́pà tó ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà fi pè mí pé kò ṣí mọ́.

Ohun méjì ló pa á. Èkínní ni pé, nígbà tí a bá ń fi Moodle sí i, ó máa ń kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ config.php. Èyí tó kọ nígbà náà ni 192.168.1.7. Rúútà ló sì ń pín nọ́ńbà wọ̀nyí fún kọ̀ǹpútà. NEPA gba iná, wọ́n mú un padà, rúútà tún nọ́ńbà pín, sáfà wa bọ́ sí 192.168.1.12. Ọmọ tó bá tẹ nọ́ńbà tuntun, Moodle á gbà á, á sì darí rẹ̀ lọ sí ti àtijọ́ níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni mọ́, bí ẹni tó ti kó kúrò nílé tó ṣì ń júwe ilé àná fún àlejò. Ìkejì ni dátábéèsì. Ẹni tó bá ti lo XAMPP níbi tí iná ti ń lọ lójijì mọ gbólóhùn pupa yẹn dáadáa, "MySQL shutdown unexpectedly", pé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní jí mọ́ àfi kí o bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì láti fódà kan sí òmíràn. Ẹ̀bi XAMPP kọ́. Àwọn tó ṣe é sọ ọ́ gbangba pé irinṣẹ́ ẹni tó ń kọ kóòdù ni, kì í ṣe fún ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ gidi. Mo ka ìkìlọ̀ náà. Mo rò pé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ̀ẹ̀kejì

Mo padà lọ pẹ̀lú ìgbéraga. Mo pa Windows rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó lágbára jù, mo fi Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ Windows, sí i, mo fún un ní àdírẹ́sì tí kò ní yí padà láéláé, mo ṣe é kí Moodle máa jí fúnra rẹ̀ bí iná bá dé, mo kọ sìkíríìpù kan tí ń da ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sínú fláàṣì lálaalẹ́. Mo tún tẹ ìwé ìtọ́ni olójú-ewé 11, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwòrán. Mo jókòó ti kọ́pà náà fún ọjọ́ mẹ́ta títí ó fi lè ṣe gbogbo rẹ̀ láìwo ìwé. Ọmọkùnrin kan láti Ẹnúgu ni, orí rẹ̀ pé. Bí ẹ bá bi mí lọ́jọ́ yẹn, mà á ní iṣẹ́ tí mo ṣe dára jù lọ lọ́dún náà nìyẹn.

Oṣù márùn-ún ló fi ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò. Ìyá Bàyọ́lọ́jì nìkan kọ ìbéèrè 60 sínú rẹ̀.

Ọdún ìsìnrú ìlú kọ́pà náà wá parí, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó lọ. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni kọ́pà tuntun tí wọ́n gbé wá kọ́ ní yunifásítì. Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀rọ náà ń kọ nǹkan sí dísìkì lọ́wọ́, iná lọ. Nígbà tó dé, ojú dúdú ni wọ́n rí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ní ìsàlẹ̀: (initramfs). Ohun tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́ kò ju kí èèyàn tẹ fsck, àṣẹ tó ń tún dísìkì ṣe, àti orúkọ dísìkì, kí ó sì máa dá a lóhùn pé y, y, y. Ó wà nínú ìwé ìtọ́ni mi, ojú-ewé kẹsàn-án. Ẹni tí ẹ̀rù bá kì í kàwé dé ojú-ewé kẹsàn-án, ìwé náà gan-an sì wà nínú dúrọ́ọ̀ Pírínsípà, nínú ọ́ńfílóòpù tí mo fi gbé e wá. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n tàn án, ojú dúdú ni. Wọ́n fi aṣọ tábìlì bò ó.

Oṣù méjì kọjá kí n tó gbọ́, nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti pè mí. Fláàṣì ẹ̀dà ìpamọ́ ńkọ́? Ẹnì kan ti yọ ọ́ lẹ́yìn sáfà, ó fi gbé ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé. Mi ò lè bínú sí i. Kò sí àkọlé lára fláàṣì náà.

Mo tẹ fsck, ẹ̀rọ jí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìbéèrè 60 wà ní pípé. Gbogbo wọn ní "Ẹnjiníà, ẹ ṣeun." Ìyá Bàyọ́lọ́jì nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo ń di ẹrù mi ló wá bi mí pé, "Tó bá tún di bẹ́ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Mo ronú sí i nínú mọ́tò títí a fi dé Mọ́níyà. Gbogbo ohun tí mo pè ní ìrọ̀rùn, èmi ni mo mú un rọ̀ fún: àdírẹ́sì tí kò ní yí padà kí wọ́n má baà máa pè mí, sìkíríìpù kí n má baà máa lọ síbẹ̀. Tíṣà kò sí nínú rẹ̀ níbì kankan. Bí kọ́pà bá lọ, àfi èmi. Bí èmi bá sì kú ńkọ́?

Kí n tó dé orí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́dọ̀ dárúkọ MoodleBox, torí ẹnì kan lè máa bi mí pé ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ni. Nicolas Martignoni, tíṣà kan ní Switzerland, ló ṣe é. Moodle náà ni, ṣùgbọ́n ó ti dáhùn gbogbo ìbéèrè sílẹ̀ de èèyàn: kí o da á sórí káàdì mẹ́mórì, kí o ti káàdì bọ inú Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tó tó pálí ṣìgá, kí o fún un níná, Wi-Fi tirẹ̀ á sì yọ lójú fóònù. Ẹ rí i pé tíṣà ló ṣe é, kò sì yà mí lẹ́nu. Àmọ́ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ wa kò ní Wi-Fi, wáyà ni wọ́n ń lò, káàdì mẹ́mórì náà kò sì fẹ́ràn kí iná máa já lójijì. Bó bá jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní, òun ni mo máa mú.

Ẹ̀ẹ̀kẹta

Kolibri ni mo mú, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ fún ẹ̀kọ́ àti ìdánwò níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn Learning Equality, àjọ kan tó fi San Diego ní Amẹ́ríkà ṣe ibùjókòó, ni wọ́n ṣe é. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe KA Lite ní 2012, láti gbé fídíò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Khan Academy dé ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé, Kolibri ló sì rọ́pò rẹ̀. Ohun tó mú mi lọ́kàn kò sí nínú ẹ̀kọ́ tó gbé wá, inú ikùn rẹ̀ ló wà. SQLite ló ń lò fún dátábéèsì, èyí tí kì í ṣe ẹ̀rọ mìíràn tí èèyàn ní láti máa jí. Fáìlì lásán ni, ó jókòó sínú fódà. Sáfà rẹ̀ wà nínú ara rẹ̀. Lórí Windows, fáìlì kan ṣoṣo ni èèyàn ń tẹ̀. Kò sì sí config.php tí yóò máa rántí ilé àná.

Ìyá Bàyọ́lọ́jì ní láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló rà á fún un, Windows 10 ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé fáìlì náà wá lórí fláàṣì. Mo ní, "Mà, lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní fọwọ́ kan máòsì." Ó rò pé eré ni mò ń ṣe. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan.

Ibi àkọ́kọ́ tó ti dúró ni ibi tí Windows ti bi í bóyá kí òun jẹ́ kí sọ́fítíwià yìí ṣe àyípadà sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì?" Mo ní rárá. Èmi ti tẹ Yes síbẹ̀ ní àìmọye ìgbà láìkà á. Obìnrin yìí kà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni Kolibri bi í ní èdè tó fẹ́. Yorùbá wà níbẹ̀. Ó pariwo. Gbogbo àwọn tó wà ní sítáfù-rúùmù ló wá wò ó, Yorùbá náà ló sì mú. Pírínsípà ló tún ní kí wọ́n dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọjọ́ méjì, pé WAEC kì í ṣe ìdánwò lédè Yorùbá. Èmi ì bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó kéré tán fún àwọn tíṣà, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni Pírínsípà.

Kolibri tún bi í bóyá òun nìkan ló fẹ́ lò ó tàbí àwùjọ. Ìyẹn kò le. Ó bi í bóyá kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lo pásíwọ́ọ̀dù. Ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé báyẹn ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Kò tilẹ̀ wo ojú mi kó tó tẹ "Rárá". "Àwọn SS1 tí mo mọ̀ yìí? Kí wọ́n máa gbàgbé, kí n máa ṣí i fún wọn láti àárọ̀ dalẹ́?" Ó tọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gba 2 nínú 20 fún un. Ìyá Bàyọ́lọ́jì lọ yí i padà fúnra rẹ̀, mi ò sí níbẹ̀, kò sì bi mí.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, Kolibri ti ṣí lórí láptọ́ọ̀pù. Kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà kankan nínú láàbù.

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Nígbà tí Kolibri kọ́kọ́ gbéra, àpótí kan yọ láti inú Windows, ó ń bèèrè bóyá kí firewall ("ògiri iná", ohun tó ń pinnu ẹni tó lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ láti ìta) jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn máa bá a sọ̀rọ̀. Ìyá Bàyọ́lọ́jì tẹ Cancel. Ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè ló máa tẹ Cancel; wọ́n ní iná ń bọ̀ láti ìta, wọ́n ní ṣé kí àwọn ṣílẹ̀kùn fún un. Láti ìgbà náà ni Windows ti ti ilẹ̀kùn, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lójú láptọ́ọ̀pù, gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ, kò sí nǹkan kan. Ó yẹ wáyà wò. Ó tún nọ́ńbà tẹ̀. Ó pa rúútà, ó tàn án. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀, èmi náà ń làágùn níbi tí mo fi ọwọ́ sábẹ́ itan. Nígbà tó yá, mo là á fún un, torí kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ọgbọ́n orí mọ̀ ọ́n. A lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan àwọn tí firewall máa gbà láyè, ó fi máàkì sí i, kọ̀ǹpútà 18 ṣí.

Bí mo bá ní àǹfààní láti tọrọ ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwià fún ilé-ìwé, kì í ṣe àwọ̀ tuntun, kì í ṣe bọ́tìnì tó dín. Kí sọ́fítíwià náà lè sọ lójú ara rẹ̀ pé: "mo ti jí, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó ń rí mi." Ogójì ìṣẹ́jú yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé fi ń sọ pé nǹkan ọ̀fẹ́ kò dára.

Ti àdírẹ́sì ló wá kù. Mo ti ń múra àlàyé lórí bí a ṣe ń fún láptọ́ọ̀pù ní nọ́ńbà tí kò ní yí padà. Ìyá Bàyọ́lọ́jì ti rí ojú-ewé kan lábẹ́ Device tó ń jẹ́ Info, níbi tí Kolibri ti ń kọ àdírẹ́sì tó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú 8080 ní ìparí rẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó, ó ní kí àwọn ọmọ tẹ̀ ẹ́. Bó bá yí padà lọ́la, ó ní òun á nu ti àná, òun á kọ ti ọ̀la. Ohun tó gbà mí lódindi ọjọ́ kan lórí Ubuntu nìyẹn, ṣọ́ọ̀kì ló fi parí rẹ̀.

Windows 7 ló wà lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ náà. Bráúsà Chrome kò ṣe tuntun fún Windows 7 mọ́ lẹ́yìn ẹ̀dà 109, nítorí náà bráúsà Firefox ESR 115 la fi sí wọn, láti orí fláàṣì, ìyẹn kò ní ìtàn.

Ti ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ló dùn. Kò pọn dandan kí èèyàn gba gbogbo rẹ̀. Gbogbo Khan Academy lédè Gẹ̀ẹ́sì á jẹ dátà oṣù wa tán kó tún máa wá òmíràn. Mo mú díẹ̀díẹ̀ ní Ìbàdàn, mo dà á sórí dísìkì alágbèérìn, láptọ́ọ̀pù Ìyá Bàyọ́lọ́jì sì kó o láti ibẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Lára rẹ̀ ni àwọn eré sáyẹ́ǹsì PhET láti Yunifásítì Colorado ní Boulder, èyí tí Carl Wieman bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ọdún kan lẹ́yìn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì. Ó ní ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ti ehoro: ehoro funfun, ehoro àwọ̀ ilẹ̀, èèyàn á sì tú ìkookò sáàárín wọn. Kò pẹ́ tí àwọn SS2 fi ń jiyàn lórí ehoro. Ó ti lé ní ogún ọdún tí obìnrin yìí ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ehoro yẹn.

Ohun tí a pàdánù wà o. Ìbéèrè 60 inú Moodle kò lè bọ́ sínú Kolibri. Láti kọ ìbéèrè tìrẹ, àfi kí o lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, sí Kolibri Studio, kí o tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, kí o sì fi tókìnnì kan, ọ̀rọ̀ méjì alálẹ́tà márùn-ún tí kò nítumọ̀, fà á wálé. Dátà fóònù ni Ìyá Bàyọ́lọ́jì fi ń ṣe é lóru. Ẹ̀dà tí a fi sí i kò sì ní aago tó ń ka ìṣẹ́jú bíi ti JAMB, ìyẹn sì ń dun Pírínsípà títí di òní. Ìyá Bàyọ́lọ́jì gbé aago ara ògiri wá láti ilé. Ní ti kí a ṣe ìdánwò tó dà bíi ti JAMB, Moodle ju Kolibri lọ fíìfíì, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n Kolibri ń fi ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ọmọ kùnà hàn án, ibẹ̀ ló ti rí i pé òsímọ́sìsì tí òun rò pé òun ti kọ́ wọn kò tíì wọlé.

Kí n má sì parọ́: bátìrì láptọ́ọ̀pù yẹn ló ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. NEPA ń gba iná bí wọ́n ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ ń kú, ṣùgbọ́n èyí tí máàkì wà nínú rẹ̀ kì í kú. Kí ni mo wá ń ṣe pẹ̀lú sáfà tí kò ní bátìrì láti ìbẹ̀rẹ̀?

Mi ò kọ ìwé ìtọ́ni. Òun ló kọ ọ́, sẹ́yìn ìwé ìmúra ẹ̀kọ́ rẹ̀, ojú-ewé kan, mo sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó dà á kọ síbí:

*Tan rúútà ná kí o tó tan láptọ́ọ̀pù.*
*Tẹ Kolibri. Dúró. Má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.*
*Device, Info. Nọ́ńbà tó bá wà níbẹ̀ ni kí o kọ sójú pátákó. Má gbàgbé 8080.*
*Bí ti ọmọ kan kò bá ṣí, wo wáyà. Bí wáyà bá dáa, wo ohun tó tẹ̀, lẹ́tà o ló tẹ̀ dípò òdo.*
*Bí ti gbogbo wọn kò bá ṣí, Firewall ni. Má pariwo.*
*Friday: pa Kolibri, da fódà .kolibri sínú fláàṣì pupa. FLÁÀṢÌ PUPA KÌ Í ṢE TI ÌSÌNKÚ.*

Lóṣù tó kọjá, ó pè mí láago méje àárọ̀. Ọkàn mi já. Mo ní, "Mà, kí ló ṣe é?"

Ó ní kò ṣe nǹkan kan. Ó ní ilé-ìwé kan tó wà lọ́nà Ìsẹ́yìn gbọ́, wọ́n fẹ́ irú rẹ̀. Mo ní kò burú, mo lè wá lọ́jọ́ Saturday.

"Ta ló ní kí o wá?" Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè mí ní "o". "Mo ti bá wọn fi í sí i lánàá. Mo kàn fẹ́ bèèrè ni, ọmọ mi, èló lò ń gbà?"

Mo sọ iye rẹ̀ fún un. Ó ní ó ti pọ̀ jù.